Igi Tí Mo Ní Ó Ń Sùn

Ọjọ́ Ajé, 5 Jánúárì 1998. Torino.

Dottoressa Bonino, dókítà obìnrin tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ní ọsípítù, yọ̀ ṣubú lórí yìnyín lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sì kán. Òun fúnra rẹ̀ ló pè mí lórí fóònù ọsípítù láàárọ̀ yìí. Ó ní, "Signor Adélaní, ẹ̀rọ orí òrùlé di ọwọ́ yín o, ó kéré tán fún ọ̀sẹ̀ méje." Mo ti dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni kó tó sọ̀rọ̀ tán.

Ọdún méje ni mo ti ń nu ilẹ̀ ọsípítù yìí. Oṣù kẹwàá tó kọjá ni dottoressa ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí léèrè iṣẹ́ tí mo ń ṣe nílé. Mo ní olùkọ́ báyọ́lọ́jì ni mí ní Ìwó fún ọdún mẹ́sàn-án. Ó wò mí títí, ó gba ọ̀pá ìnulẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó fà mí jókòó sídìí maikirosikóòpù. Láti ọjọ́ náà ló ti ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ka polline, ìyẹ̀fun òdòdó igi, tí ẹ̀rọ náà bá fà mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. Mi ò mọ orúkọ tí Yorùbá ń pè é. Àtíkè igi ni mo ń pè é nínú ìwé yìí.

Aago mẹ́sàn-án ni mo gun òkè. Òtútù náà ti fi ìwọ̀n mẹ́rin sọ̀kalẹ̀ ju òdo lọ. Mo yọ téèpù ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí àtíkè ń lẹ̀ mọ́, mo fi tuntun sí i, mo sì wáìn aago tó ń yí i. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ le. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í le ni mo ti dúró. Nǹkan ìjọba ni. Bí ó bá já mọ́ mi lọ́wọ́, kò sẹ́ni tí yóò sọ pé ó ti gbó. Wọn á ní aláwọ̀ dúdú tó ń nulẹ̀ ló bà á jẹ́.

Àbámẹ́ta, 10 Jánúárì

Tinúkẹ́, àbúrò ìyàwó mi, dé láti Napoli pẹ̀lú báàgì méjì àti ìkòkò ńlá kan. Iṣẹ́ ti tán lọ́hùn-ún. Ó kúnlẹ̀ kí mi lẹ́nu ọ̀nà, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn.

"Bùrọ̀dá, ẹ kú òtútù o. Ṣé inú fíríìjì lẹ ń gbé ni?"

"Wọlé jàre, kí o tó di ẹja dídì."

Testimony, ọmọ wa, sáré jáde láti yàrá. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà, ṣùgbọ́n bí a bá bá a sọ Yorùbá, Italiano ló fi ń dáhùn. "Zia, cosa c'è nella pentola?"

"Kí ló wí?"

Olútóyìn, ìyàwó mi, ní, "Ó ń bèèrè ohun tó wà nínú ìkòkò rẹ."

"Ẹ sọ fún un pé àwọn ọmọ tó ń sọ èdè òyìnbó sí àgbà ló wà níbẹ̀. Mo ti sè wọ́n."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó pẹ́ tí ilé yìí ti gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀.

Ajé, 12 Jánúárì

Kùrukùru bo gbogbo ìlú, mi ò rí òkè kankan láti orí òrùlé. Mo gé téèpù ọ̀sẹ̀ tó kọjá sí ọ̀nà méje, ọjọ́ kan fún gíláàsì kan. Òdo. Òdo. Òdo. Gíláàsì ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan ló ní ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó ki bí ẹrẹ̀. Èéfín mọ́tò ni. Mo kọ "sporco", ìyẹn ìdọ̀tí, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì kọ òdo síbẹ̀ náà. Mo lẹ bébà èsì ọ̀sẹ̀ yìí mọ́ ẹnu ọ̀nà bí dottoressa ṣe máa ń ṣe. Ó dùn mọ́ mi láti rí ìkọ̀wé mi níbẹ̀.

Ẹtì, 16 Jánúárì

Tinúkẹ́ ti rí iṣẹ́ fún ara rẹ̀. Ó ń dín ata, ó ń se ìrẹsì, ó ń gbé e lọ fún àwọn obìnrin wa tó ń ṣiṣẹ́ nítòsí ọjà Porta Palazzo. Ata kìlò kan di ẹgbàajì lire, ó ní olè ni àwọn tó ń tà á. Ó ń ṣí fèrèsé kíṣínì sílẹ̀ gbayawu kí èéfín lè jáde.

Ajé, 19 Jánúárì

Ohun ìyanu. Mo bọ́ ẹ̀wù òtútù mi lórí òrùlé. Afẹ́fẹ́ gbígbóná kan ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè Alps, wọ́n ń pè é ní föhn. Ìwọ̀n mẹ́tàdínlógún láàárín Jánúárì! Ó gbẹ fúrúfúrú bí ọyẹ́, àfi pé kò tutù. Ojú ọ̀run mọ́ débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ka àwọn òkè náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Òdo ni gbogbo gíláàsì, pẹ̀lú ìlà ìdọ̀tí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo fóònù dottoressa.

"Òdo? Pẹ̀lú ooru yìí? Strano, ó yà mí lẹ́nu."

"Ìgbà òtútù ṣì ni, dottoressa. Àwọn igi ń sùn."

Ó ní, "Ó dáa. Ẹ̀yin lẹ wà lókè níbẹ̀, kì í ṣe èmi."

Ọjọ́bọ̀, 22 Jánúárì

Testimony ń wúkọ́. Olútóyìn fi Robb pa á láyà, ó ní òtútù ló mú un. Ó dára pé oòrùn ń ràn. Mo ní kí wọ́n mú un lọ ṣeré nínú ọgbà lẹ́yìn ilé ìwé kí ara rẹ̀ lè yá gágá.

Àìkú, 25 Jánúárì

Àyà rẹ̀ ń súfèé nígbà tó bá mí. Mo gbé etí lé e lẹ́yìn bí mo ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà ní ìkókó. Ó ní, "Papà, senti il gatto?" Ṣé mò ń gbọ́ ológbò náà. Mo ní mò ń gbọ́ ọ.

Ìṣẹ́gun, 27 Jánúárì

A gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà àwọn ọmọdé. Ó ní ó lè jẹ́ ikọ́ fée. Ó bi wá bóyá nǹkan kan wà nínú afẹ́fẹ́ tí ara rẹ̀ kò gbà.

"Polline ńkọ́? Ọdún yìí gbóná."

Mo ní, "Zero, dottore. Èmi fúnra mi ni mò ń kà á."

Ó gbé ojú sókè kúrò lórí ìwé. Mo sọ ibi tí mo ti ń kà á fún un, àti ẹni tó kọ́ mi. Ó ní, "Complimenti," pé mo kú iṣẹ́, ó sì fa ìlà pa ohun tó ti kọ. Mo rí i tó fà á. Inú mi dùn.

Lẹ́yìn náà ló bèèrè bóyá ẹnì kan ń mu sìgá nílé wa, bóyá èéfín ń wọ ibi tí ọmọ ń sùn. Olútóyìn ní rárá. Ìkòkò Tinúkẹ́ ló wá sí mi lọ́kàn.

Àìkú, 1 Fẹ́búárì

Wọ́n gbàdúrà fún ọmọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ ní ẹ̀mí òtútù kan ni. Mo ṣe àmín pẹ̀lú wọn, mi ò sì mọ ohun tí mo ń ṣe àmín sí. Mo ti ka ìwé tó pọ̀ jù láti gba pásítọ̀ gbọ́ pátápátá, mi ò sì kà tó láti mọ ohun tó ń ṣe ọmọ mi.

Ohun kan dá mi lójú: ikọ́ yìí bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí ata dídín bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́rú, 4 Fẹ́búárì

Oòrùn, afẹ́fẹ́. Ọmọ kò sùn dáadáa. Ventolin, oògùn fífà sẹ́nu tí dókítà kọ fún un, ní ẹ̀ẹ̀mẹrin.

Àìkú, 8 Fẹ́búárì

Mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé bá òórùn ata láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Testimony wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń gbé èjìká sókè kó tó lè mí. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣínì.

"Tinúkẹ́."

"Sà, Bùrọ̀dá?"

"Ata yìí ń pa ọmọ mi."

"Mo ti ṣí fèrèsé, sà."

"Fèrèsé kò tó. Wá ibòmíràn lọ."

Olútóyìn ti yàrá sáré wá. "Bàbá Testimony, ẹ rọra."

"Mo ti ń rọra láti oṣù tó kọjá."

Tinúkẹ́ pa gáàsì. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ìka kan tẹ̀lé òmíràn, bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n mọ́ dáadáa. "Ìgbà wo lẹ fẹ́ kí n lọ?"

"Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó tán."

"Kò ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, sà."

Ìṣẹ́gun, 10 Fẹ́búárì

Yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Tinúkẹ́ lọ ní aago méje. Ó ní ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà ní Padova tó mọ ìyá arúgbó kan tó ń wá olùtọ́jú. Olútóyìn sìn ín dé ibùdó tram. Mo wò wọ́n láti ojú fèrèsé: báàgì kan lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìkòkò náà lórí Tinúkẹ́, yìnyín ń bò ó lọ díẹ̀díẹ̀. Kò wẹ̀yìn. Mo ní láti múra iṣẹ́, mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi, bẹ́ẹ̀ aago méjì ọ̀sán ni iṣẹ́ mi tó ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Ọjọ́bọ̀, 12 Fẹ́búárì

Ọmọ sùn láti alẹ́ di àárọ̀. Kò wúkọ́ rárá! Yìnyín ti ga dé orókùn nínú ọgbà. Mo sọ fún Olútóyìn pé, "O rí i?" Ó ń fi bíléàshì fọ ògiri kíṣínì.

Inú mi dùn. Mo kọ ọ́ síbí nítorí òtítọ́ ni.

Ajé, 16 Fẹ́búárì

Òdo. Yìnyín ti ń yọ́. Testimony bèèrè ìgbà tí zia, àǹtí rẹ̀, yóò padà. Mo ní kó jẹun.

Àbámẹ́ta, 21 Fẹ́búárì

Carnevale, ọdún tí àwọn ọmọ ń wọ aṣọ eré. Afẹ́fẹ́ òkè tún ti dé, ìlú gbóná bíi pé wọ́n ṣí ẹnu ààrò. Olútóyìn rán aṣọ labalábá fún ọmọ. A mú un lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ odò Po, ó ń sáré, ó ń da coriandoli, ègé bébà aláwọ̀, sórí àwọn ọmọ mìíràn. Mo ń wò ó, mo ń sọ nínú ara mi pé a ti borí.

Aago mẹ́rin ku díẹ̀ ló dúró lójijì. Ó yíjú wò mí, ẹnu rẹ̀ là, ohùn kò jáde. Mo fún un ní Ventolin, kò ràn án. Ètè rẹ̀ ti ń dúdú nígbà tí ambulanza dé. Mo gbé e mọ́ra, ìyẹ́ labalábá náà sì ń fẹ́ lù mí lójú.

Wọ́n dá a dúró sí ọsípítù. Olútóyìn wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ń mí.

Kò sí ata nílé wa láti ọjọ́ mọ́kànlá sẹ́yìn.

Ajé, 23 Fẹ́búárì

Testimony ti ń jókòó, ó ń jẹ bísíkíìtì. Dókítà ní ewu ti kọjá.

Dottoressa Bonino padà sẹ́nu iṣẹ́ lónìí pẹ̀lú ọ̀pá. Ó ní kí n kó gbogbo gíláàsì wá. Ó fi ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ogúnjọ́ oṣù Jánúárì sábẹ́ maikirosikóòpù, níbi tí mo ti kọ "sporco". Ó wò ó pẹ́. Ó mú òmíràn, ó tún mú òmíràn. Lẹ́yìn náà ló sún kúrò kí n wò.

"Ẹ wo etí ìlà náà, kì í ṣe àárín. Kí lẹ rí?"

Mo wò ó. Níbi tí ìlà náà ti fẹ́lẹ́, mo rí wọn: kóró kéékèèké onígun mẹ́ta tí igun wọn tẹ̀ róbótó.

Mo ní, "Àtíkè igi nocciolo."

"Nocciolo, àti igi ontano díẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Téèpù kò yí, signor Adélaní. Ojú kan náà ni ohun gbogbo ń bà lé láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun títí di ọjọ́ Ajé. Báwo lẹ ṣe ń wáìn aago?"

Mo fi ọwọ́ ṣàpèjúwe ibi tí mo ti ń dúró. Ó di ojú rẹ̀.

"Ó gbọ́dọ̀ dé òpin. Kí ló dé tí ẹ ò bi mí?"

"Mo bẹ̀rù pé ó lè já."

"Tó bá já, a ó tún un ṣe."

Kò jágbe mọ́ mi. Ì bá dára kó jágbe. Ó jókòó, ó sì ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń bá olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Igi nocciolo kì í sùn bí mo ṣe rò. Òtútù ìbẹ̀rẹ̀ ọdún gan-an ló ń jí i; tí ó bá ti tutù tó, tí ọ̀sẹ̀ gbígbóná kan sì dé, á sọ àwọn òdòdó rẹ̀ tó gùn bí ìrù kalẹ̀, á ṣí wọn. Tí yìnyín bá padà, á dúró. Òjò àti yìnyín ń fọ àtíkè náà kúrò lójú afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti òkè ló ń gbọn ọ́n jáde láti inú àwọn àfonífojì, tó sì ń dà á sórí ìlú.

Ó ká àwọn bébà mi kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó sì fi ìlà pupa pa òdo méjìlélógójì rẹ́. Ó kọ "dati mancanti" síbẹ̀, pé kò sí àkọsílẹ̀. Ó ní, "Òdo kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú pé a ò mọ̀."

Ìṣẹ́gun, 24 Fẹ́búárì

Mo ka ìwé yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí mo bá kọ oòrùn, ọmọ ń wúkọ́. Ọjọ́ tí mo bá kọ yìnyín, ó ń sùn. Kì í ṣe lílọ Tinúkẹ́ ló mú ikọ́ náà rọlẹ̀. Yìnyín tó bò ó lórí ló mú un rọlẹ̀. Èmi ni mo ń rán ọmọ jáde sínú ohun tó ń ṣe é, tí mò ń pè é ní oòrùn.

Ṣé ata kò ní ọwọ́ nínú rẹ̀ rárá? Fèrèsé tó ń ṣí nítorí èéfín, ibẹ̀ ni àtíkè ń gbà wọlé. Mo ti rò ó lẹ́ẹ̀mẹta lónìí, mo sì mọ ìdí tí mo fi ń rò ó. Mò ń wá ẹni tí yóò bá mi gbé díẹ̀ nínú rẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni pé mo mọ̀ ọ́n. Àràbà tó wà lẹ́yìn ilé ìwé wa ní Ìwó, àárín ọyẹ́ ló máa ń tanná, láìsí ewé kan lórí rẹ̀. Mo ti fi han àwọn ọmọ kíláàsì lọ́dọọdún: igi tó wà ní ìhòòhò kọ́ ló ń sùn. Mo dé ilẹ̀ yìí, mo ní tiwọn yàtọ̀.

Ọjọ́rú, 25 Fẹ́búárì

Testimony padà sílé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Olútóyìn: aago, ìlà, òdo, ohun tí mo sọ fún dókítà. Ó gbọ́ ọ dé ìparí.

"Mo bẹ̀ yín lọ́jọ́ náà, ẹ rántí? Mo ní kí ẹ rọra."

"Mo rántí."

"Orí ilẹ̀ ni Tinúkẹ́ sùn fún ọjọ́ mẹ́ta ní Padova kí ìyá arúgbó náà tó gbà á. Ó ní kí n má sọ fún yín."

Ó lọ wẹ ọmọ.

Àbámẹ́ta, 28 Fẹ́búárì. Nínú ọkọ̀ ojú irin, mò ń padà bọ̀.

Òjò láti Torino dé Padova. Mo kó ìwé yìí dání, àti bébà kan tí mo fa ìlà ojú ọjọ́ àti ìlà ikọ́ ọmọ sí ní àwọ̀ méjì. Tinúkẹ́ ní wákàtí méjì ìsinmi. A pàdé ní ilé kọfí kan ní Arcella, lẹ́yìn ibùdókọ̀. Ó ti rù. Ó kúnlẹ̀ kí mi bí ti àtẹ̀yìnwá, mo sì fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

"Ọmọ ńkọ́, sà?"

"Ara rẹ̀ ti yá. Tinúkẹ́, kì í ṣe ata."

Mo tẹ́ bébà náà sórí tábìlì. Mo fi ọjọ́ afẹ́fẹ́ hàn án, mo fi ọjọ́ yìnyín hàn án. Mo ṣàlàyé nocciolo, mo ṣàlàyé aago. Mo ṣàlàyé dáadáa. Olùkọ́ ni mí. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí mo parí, ó ká bébà náà fún mi padà lẹ́sẹẹsẹ.

"Ẹ ṣeun, sà. Mo ti gbọ́. Igi ni."

"Igi ni."

"Tó bá wá jẹ́ ata ńkọ́?"

"Kí lo wí?"

"Tó bá jẹ́ ata mi ló ń ṣe ọmọ lóòótọ́, Bùrọ̀dá. Ká ní kò sí igi kankan. Ṣé bí ẹ ṣe lé mi yẹn náà ló yẹ kí ẹ lé mi? Èmi tí mò ń wẹ ọmọ náà lálaalẹ́? Ẹ ò ní kí n má dín in mọ́. Ẹ ní kí n máa lọ."

Mo tún ṣí bébà náà.

"Ọ̀rọ̀ igi lẹ gbé wá láti Torino. Ẹ ò tíì sọ tèmi." Ó wo aago rẹ̀. "Màmá tí mò ń tọ́jú á ti jí. Ẹ bá mi gbá Testimony mọ́ra."

Ó san owó kọfí méjèèjì kí n tó rí ọwọ́ fi sápò.

Ọjọ́bọ̀, 5 Máàṣì

Òjò. Dottoressa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí òrùlé lọ́jọ́ Ajé nígbà tí mo wáìn aago dé òpin. Kò já. Igi betulla ló kàn, kí oṣù yìí tó parí.

Àìkú, 8 Máàṣì

Mo ti kọ lẹ́tà sí Tinúkẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo kà wọ́n, mo sì ya wọ́n: ojú ọjọ́ ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo wọn. Afẹ́fẹ́ báyìí, yìnyín báyìí, bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé. Olútóyìn kó àwọn ègé rẹ̀ kúrò nílẹ̀, kò kà wọ́n.

Ajé, 9 Máàṣì

Mo kọ ọ̀kan sí i nígbà ìsinmi ọ̀sán, nínú yàrá tí a ń kó bọ́kẹ́ẹ̀tì sí. "Tinúkẹ́, mo lé ọ jáde nínú yìnyín, inú mi sì dùn nígbà tí o lọ. Má bínú. Adélaní." Mo dúró ti àpótí lẹ́tà tó wà lẹ́nu géètì, mo jù ú sínú rẹ̀ kí àlàyé kankan tó wá sí mi lọ́kàn.